Rọ́bà Mẹ́rin fún Mọ́tò Bàbá

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú aránṣọ, kó gbé ohun dúdú tó ń rùn lé orí tábìlì tó ti ń gé aṣọ. Ohun tí Ó-Máa-Lọ ṣe láàárọ̀ Ọjọ́rú nìyẹn. Ó wọ yàrá ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, ó da oríṣi rọ́bà oníhò mẹ́ta lé orí aṣọ oníbàárà, ó sì dúró, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ìbejì, ẹ gbé ìdọ̀tí yín kúrò lórí iṣẹ́ mi."

"Ìyá Ìbejì, wò ó ná. Nínú mẹ́ta yìí, èwo ni kí n lò?"

Alùpùpù ni ọkùnrin yìí ń tún ṣe. Kò sí èyí tí wọ́n gbé wá bá a tí kò ní sọ pé ó máa lọ, ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ká má purọ́, ọ̀pọ̀ wọn ló ń lọ. Àwọn tí kò lọ náà ń bẹ lẹ́yìnkùlé, koríko ti hù láàárín táyà wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti alùpùpù. Mọ́tò bàbá ìyàwó rẹ̀ ni.

Láti ìgbà tí bàbá ti kú ni kábúrétọ̀ mọ́tò náà, èyí tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ti jẹrà, kò sì sí ẹni tó ń ta irú rẹ̀ mọ́. Ni Ó-Máa-Lọ bá tú kábúrétọ̀ mẹ́rin lára alùpùpù ńlá kan tó ti fọ́, ó ní òun á fi wọ́n rọ́pò. Ajórin àdúgbò ti jó páìpù kéékèèké mẹ́rin mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí. Ohun tó kù ni rọ́bà tí yóò so kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ páìpù tirẹ̀, torí ẹnu wọn kò ṣe déédéé, irin kì í sì í tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún.

Sátidé ni gbèdéke. Aránṣọ ní àbúrò ọkùnrin kan tí gbogbo ayé ń pè ní Kíákíá, torí kò ní sùúrù tó lè dúró de oúnjẹ kó tutù. Àwọn méjèèjì ni bàbá fi mọ́tò náà sílẹ̀ fún. Kíákíá sì ti sọ tirẹ̀ láìfi epo bọ iyọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mọ́tò yìí bá fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ gun òkè dé oríta lọ́jọ́ Sátidé, ẹ máa lò ó lọ. Tí ò bá lọ, mo máa mú ọkọ̀ tó máa fà á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun aránṣọ wọ eegun. Inú mọ́tò yẹn ni bàbá ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀. Ibi tí ẹ̀yìn bàbá tẹ̀ lára ìjókòó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù kàn án. Agbára òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Ó wá tẹjú mọ́ àwọn rọ́bà náà. Àkọ́kọ́ nípọn, ti rédíétọ̀ ni, tí omi gbígbóná ń gbà kọjá. Ìkejì mọ́ gaara, èèyàn lè rí òwú tí wọ́n hun sínú rẹ̀. Ìkẹta dúdú, ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, ó sì kúrú. Wọ́n yọ ọ́ lára mọ́tò kan tó ti bàjẹ́.

"Ti rédíétọ̀ ni màá lò," ni ọkọ rẹ̀ fi dá ara rẹ̀ lóhùn. "Ó nípọn, ó sì pọ̀. Ó máa lọ."

"Ṣé ẹ ti rẹ ẹ́?"

"Kí ni mo fẹ́ rẹ?"

"Rọ́bà yẹn. Èmi ò lè gé aṣọ tí mi ò tíì rẹ sínú omi. Ọjọ́ tí oníbàárà bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ló máa súnkì, ojú á wá tì mí. Epo ni tiyín máa bá pàdé. Ẹ rẹ ẹ́ sínú epo ká mọ ìwà ẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá Ìbejì, rọ́bà kì í ṣe aṣọ."

Aránṣọ kò bá a jiyàn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ jẹun, ó fi àlùmọ́gàjí àtijọ́ gé díẹ̀ lára rọ́bà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí àlùmọ́gàjí tuntun kì í ṣe fún ìranù. Ó rì wọ́n sínú ìgò epo bẹntiróòlù mẹ́ta, ó sì tò wọ́n sẹ́yìn ilé.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi rọ́bà rédíétọ̀ so kábúrétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó wúkọ́, ó sín, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kù. Ó-Máa-Lọ wa mọ́tò náà yí ilé po, ó ń juwọ́ sí àwọn aládùúgbò bí ẹni tó ń wá ìbò. Inú ìyàwó rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé àwọn ìgò.

Nígbà tó di àárọ̀ Ẹtì, ọkùnrin náà tún pe àwọn èèyàn kí wọ́n wá wòran. Ó sítáàtì mọ́tò. Mọ́tò kù fúngbà díẹ̀, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Wọ́n ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rọ̀. Bó bá ti sítáàtì, tí ẹ́ńjìnnì fa afẹ́fẹ́, wọ́n á fà wọlé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń mu ọsàn.

"Ó máa lọ," ni ọ̀kan nínú àwọn òǹwòran wí bó ṣe ń lọ sílé. "Lọ́dún tó ń bọ̀."

Aránṣọ lọ gbé àwọn ìgò rẹ̀ wá. Ti rédíétọ̀ ti wú, ó sì ń kun èèyàn lọ́wọ́. Èyí tó mọ́ gaara ti súnkì, ó gan bí eegun. Ìkẹta nìkan ló wà bí wọ́n ṣe fi í síbẹ̀.

"O ò bá ti sọ fún mi," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Mo sọ fún yín. Ẹ ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni."

Ọkùnrin náà jókòó sórí táyà. Èyí tó dára yẹn, kábúrétọ̀ kan péré ló lè tó, ó sì ti wá irú rẹ̀ títí, kò rí, kó tó bọ́ sórí ti rédíétọ̀. Ọ̀la sì ni Sátidé. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, aránṣọ kò tíì rí ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kò sọ pé ó máa lọ, àfi ọjọ́ yìí. Ó mú rọ́bà kẹta jáde látinú ìgò rẹ̀.

"Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fi irú rọ́bà yìí ṣe?"

"Òun lepo ń gbà kọjá láti ibi tí wọ́n ti ń dà á dé táńkì. Gbogbo mọ́tò ló ní i."

Aránṣọ wo mọ́tò bàbá rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó yọ téèpù tó fi kọ́rùn, ó ṣí búùtù, ó wọ inú rẹ̀ tòun ti orí.

"Èyí tó wà níbí gùn tó mẹ́ta," ni ohùn rẹ̀ wí látinú lọ́hùn-ún.

"Tá a bá gé ìyẹn, ibo la ó máa gba da epo?"

"Inú búùtù níbí, tààrà sẹ́nu táńkì, pẹ̀lú àrọ. Ẹ jẹ́ ó rìn ná, ká tó máa ṣe fáàrí."

Òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n, tó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká kí ọkọ rẹ̀ tó gé e. Kò sí èyí tó wọ́ nínú wọn.

Nígbà tí Kíákíá dé lọ́jọ́ Sátidé, aṣọ funfun báláú ló wọ̀, ọkọ̀ tí yóò fa mọ́tò sì ń tẹ̀ lé e bọ̀. Kò tilẹ̀ kí wọn tán. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ká so ó ni?"

"Wọlé," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Ó ti jókòó síbi tí bàbá ń jókòó sí. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó gbá kẹ́ẹ̀gì epo mọ́ra bí ọmọ ọwọ́.

Mọ́tò dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n jáde lójúlé, wọ́n gba òpópónà. Bí òkè ṣe yọjú, aránṣọ tẹjú mọ́ ọ̀nà. Ó tẹná sí i. Kábúrétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fa èémí pọ̀, rọ́bà kankan kò fà wọlé, mọ́tò sì ń gòkè lọ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, Kíákíá fọwọ́ gbá iwájú mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, bí bàbá wọn ṣe máa ń ṣe tó bá ti gun òkè yẹn tán. Kò jọ pé ó mọ̀ pé òun ṣe é. Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sunkún.

Bí wọ́n ṣe kan oríta, mọ́tò wúkọ́, ó dákẹ́.

"Ó ti kú," ni Kíákíá wí, ṣùgbọ́n kò sí ìdùnnú kankan lóhùn rẹ̀.

"Epo ló tán," ni Ó-Máa-Lọ dáhùn. "Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù sínú táńkì la fi wá. Èmi á gbé kẹ́ẹ̀gì, ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti wọ búùtù, kó di àrọ mú."

Aránṣọ wo aṣọ funfun náà. Kíákíá pẹ̀lú wò ó. Ó ká apá aṣọ náà sókè, ó wọ búùtù, ó wá ku ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan níta. Epo ta sí i láyà, kò tilẹ̀ bojú wò ó.

Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ afàkọ̀ dé bá wọn. Awakọ̀ rẹ̀ yọrí. "Ọ̀gá, ṣé kí n wá so ó?"

"Máa lọ sílé," ni Kíákíá wí látinú búùtù. "Ṣé o ò rí i pé à ń da epo sí mọ́tò bàbá wa ni?"