Alhaji Tìrìmísíyù Lórí Kẹ̀kẹ́ Ìdánwò

Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Alhaji Tìrìmísíyù ń wa kẹ̀kẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò sọ òtítọ́ kan.

Físíò ni mí, ní Yàbá. Èmi ni mo ń kọ́ ẹni tí àìsàn dá wó bí yóò ṣe tún ara rẹ̀ lò. Kẹ̀kẹ́ náà kì í kúrò lójú kan. Bíréèkì mọ́tò tí mo rà lọ́jà Ládìpọ̀ ló di wíìlì rẹ̀ mú. Tí mo bá ti fún un, wíwà rẹ̀ á le sí i, màá sì mọ ibi tí agbára aláìsàn pin sí. Oògùn àìsàn ọkàn tí Alhaji ń lò kì í jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ sáré, kódà tó bá ti rẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹnu rẹ̀ ni mo gbójú lé: òdo ni kò rẹ̀ ẹ́ rárá, mẹ́wàá ni kò lè ṣe é mọ́. Tó bá yege, yóò padà sídìí títú ẹ́ńjìnnì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tí mo bá ṣì í wọ̀n, ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tó bá gbé lè pa á.

"Alhaji, ó ti rẹ̀ yín dé mélòó?"

"A dúpẹ́."

"Nọ́ńbà ni kí ẹ pè, sà."

"Méjì." Ó wo ìyàwó rẹ̀, Ìyá Jameelah, tó jókòó létí ògiri. "Fún un sí i jàre!"

Àgbà wa! Iná ń jó wọn lábẹ́ aṣọ, wọ́n á ní àlàáfíà ni. Èmi tí mo sì mọ̀ wá dáadáa ni mo lọ ṣe ẹ̀rọ tó fi ẹ̀mí àgbàlagbà sọ́wọ́ ìbéèrè tí gbogbo wa ń fi "a dúpẹ́" dáhùn.

Mo fún un díẹ̀. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo pa nọ́ńbà tì, mo tẹjú mọ́ ọn. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí irin, ó di àyà mú. Mo tú bíréèkì náà pátápátá.

"Ta ló ní kó o dá mi dúró? Mo máa resume ní Mọ́ńdè o!"

Mo fi fóònù pe dókítà wa kó máa sáré bọ̀, mo sì bẹ Ìyá Jameelah kó bọ́ síta. Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé báyìí, ohùn Alhaji wálẹ̀.

"Mẹ́sàn-án ni. Nígbà tí mo ní méjì, mẹ́sàn-án ni. Má sọ fún ìyàwó mi, jọ̀ọ́. Tó bá gbọ́, kò ní sùn mọ́."

Ilẹ̀kùn tún ṣí. Obìnrin náà kò lọ ibì kankan.

"Bàbá Jameelah, ta ló ń sùn tẹ́lẹ̀?" ó ní. "Gbogbo òru tí ẹ bá dìde jókòó tí ẹ ń wá èémí, mo lajú sílẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora ni. Mò ń ṣe bí ẹni tó sùn, kí ojú má baà tì yín."

Alhaji na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

"Àyà ń dùn mí, Àmúdàtù," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.