Nọ́ńbà Kan, Ayé Méjì

Ọjọ́ tí katakata wó ilé tí wọ́n gbé dàgbà, Lẹ́pa kò sí nítòsí láti sunkún. Òkèèrè ló wà, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló pè é pé títì tuntun ti gba ojúlé wọn. Ó retí pé kó figbe ta. Rárá o. Ohun tí Lẹ́pa sọ ni pé, "Ó ṣì ku ilé kan."

Ẹ̀gbọ́n kò mọ ilé tó ń wí. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tó ń bá wáyà jà láti àárọ̀ dalẹ́, ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè rìn dé ìdí eré ọmọdé.

"Ilé wa tó wà lórí òkè, ẹ̀gbọ́n mi. Tinú géèmù."

Ìgbà náà ni ọkùnrin náà tó rántí.

Kí ẹni tí kò ṣe irú eré yẹn rí má baà sọnù: ayé ńlá kan ni géèmù ọ̀hún, tí ohun gbogbo inú rẹ̀ rí bí búlọ́ọ̀kù. Èèyàn á gé igi, á wa òkúta, á fi kọ́ ohun tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan lèèyàn máa ń tẹ̀ kí ayé náà tó yọ. Síìdì ni wọ́n ń pè é. Nọ́ńbà kan náà, òkè kan náà, odò kan náà, bó o tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ fi bó. Nọ́ńbà fóònù ìyá wọn ni wọ́n tẹ̀ lọ́mọdé, torí òun nìkan ni wọ́n mọ̀ sórí. Ìyá ti kú, kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ti jóná, àmọ́ nọ́ńbà ò kúrò lórí wọn.

"Mo ti gbé géèmù náà sórí fóònù mi," ni Lẹ́pa wí. "Ìsinmi ọ̀sán mi nìyí. Ẹ tan tiyín, ká jọ wọlé."

Ẹ̀gbọ́n fa ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan jáde lábẹ́ tábìlì, èyí tí géèmù inú rẹ̀ ti pẹ́ láyé ju bó ti yẹ lọ. Ó gbé fóònù tì í, ó tẹ nọ́ńbà ìyá wọn.

"Òkè wa rèé!" Ohùn rẹ̀ di ti ọmọdé. "Lẹ́pa, yà sọ́wọ́ òsì níbi odò, kó o máa bọ̀!"

"Odò wo? Àárín òkun ni mo wà. Ẹja ló ń kí mi káàbọ̀."

"O ti ṣi nọ́ńbà tẹ̀ nìyẹn. Ìṣirò ò kúkú yé ẹ láti kékeré."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba òdo lẹ ń bú mi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ka nọ́ńbà síra wọn létí, kò sí àṣìṣe. Ìgbà náà lọ̀rọ̀ yé ọkùnrin náà. Géèmù tuntun ló wà lórí fóònù àbúrò rẹ̀, àwọn tó ṣe é sì ti yí bó ṣe ń dá ilẹ̀ padà. Nọ́ńbà tó bí òkè nínú ti àtijọ́, òkun ló ń bí nínú ti tuntun. Fóònù náà ò sì lè gbé ti àtijọ́.

Ó ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ tí wọ́n ń ti ibùsùn oníkẹ̀kẹ́ kan kọjá lẹ́yìn Lẹ́pa.

"Kò burú," ni Lẹ́pa wí nígbà tó yá. "Ojú yín ni mo máa fi rí i. Ṣé ilé wa wà níbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n ti gun òkè náà tán. Koríko ló bá níbẹ̀, àti igi díẹ̀, àti àgùntàn kan tó ń wò ó bí àlejò tí kò kí onílé. Ṣé kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Ó mọ̀! Nọ́ńbà ń dá ilẹ̀ padà, kì í dá iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn padà. Ilé ti bá kọ̀ǹpútà tó jóná lọ. Àmọ́ àárò ilé ń sọ òun náà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ìrètí sì máa ń sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀. Ẹnu wo ni yóò fi sọ fún ọmọ ìyá rẹ̀ pé ilé méjèèjì ló ti lọ?

"Ó wà níbẹ̀," ló wí. "Digbí ló wà."

"Ọlọ́run mi o!" Ẹkún àti ẹ̀rín jọ já lẹ́nu Lẹ́pa. "Ilẹ̀kùn ńkọ́? Àjà ńkọ́? Yàrá Màmá ńkọ́?"

"Gbogbo ẹ̀ ló pé." Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ti kọjú sí igi tó sún mọ́ ọn, ó ń gé e. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ọkùnrin yìí ní kí òtítọ́ ṣe sùúrù ná, kí òun mọ ògiri kan. Ó ń gé, ó ń to pákó, òógùn bò ó, ó ń dáhùn: bẹ́ẹ̀ ni, àga wà, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀dì wà.

Lẹ́pa dẹ́kun ìbéèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Mò ń gbọ́ ìró àáké inú géèmù yín."

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró. Ojú tì í. Ó gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ fa imú.

"Ẹ má dúró," ni Lẹ́pa wí. "Ẹ máa gé e, wọn ò tíì pè mí padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ṣe yàrá tèmi mọ́ ọn. Bó ṣe jẹ́ kọ̀ǹpútà yín nìkan ló lè ṣí i yẹn, èmi ni mo máa wá bá yín níbẹ̀."