Àlùwàlá Ládánì

Yẹ̀kínì ni ládánì mọ́ṣáláṣí kékeré kan ní Bẹ̀yẹrúnkà. Òun ló ń pe ìrun, ohùn rẹ̀ sì dùn létí tọ́tà-tọ̀rẹ́. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé kídìnrín Mujeebat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, sí i nínú, ikùn rẹ̀ kò mọ ìtìjú mọ́.

Dókítà ti ṣàlàyé fún un. Òògùn tó ń mú lójoojúmọ́ ni kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ gbógun ti kídìnrín àlejò. Òògùn yìí kan náà lè máa ti ìfun, kí oúnjẹ máa sáré kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Ẹ má dá òògùn náà dúró o. Bó bá ń dà yín láàmú, ẹ wá bá mi, a ó wá nǹkan ṣe sí i."

Yẹ̀kínì ní òun gbọ́. Irọ́ ni, kò yé e. Kí ni òògùn kídìnrín ń wá lọ́dọ̀ ìfun?

Ohun tó yé e ni pé àlùwàlá òun kì í dúró mọ́. Bó bá ti ṣe é tán, ikùn á kùn, ó di ilé ìgbẹ́, àlùwàlá ti bàjẹ́ nìyẹn. Ní Jímọ̀ kan, àárín ìpè ìrun gan-an ló ti ju máìkì sílẹ̀ tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ojú sì gbà á tì. Ẹ ó ní kó bi Lèmọ́ọ̀mù léèrè bí ẹni tí àlùwàlá rẹ̀ kì í dúró ṣe lè kírun. Ẹ̀yin náà ẹ lọ jókòó síwájú Lèmọ́ọ̀mù, kí ẹ máa ròyìn ìgbẹ́!

Ló bá dá ọgbọ́n àgbọ́njù. Kò mú òògùn lálẹ́ Àlàmísì, kò mú un láàárọ̀ Jímọ̀. Ikùn dákẹ́, àlùwàlá dúró. Inú rẹ̀ dùn, ó bá fi ọjọ́ mìíràn kún un.

Mujeebat ló fẹ́ fọ jalábíà rẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n, òògùn sì dà sílẹ̀ látinú àpò.

"Yẹ̀kínì, kí lèyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tí mo bá mú un, mi ò lè kírun. Tí mi ò bá mú un, wọ́n ní kídìnrín á kú. Ọ̀rọ̀ yìí ti dà rú mọ́ mi lójú. Ṣebí ti Ọlọ́run ló ṣáájú?"

Mujeebat gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ níbi tí ojú abẹ wà.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́ lára mi, mo ní fisabílíláhì ni. Nítorí Ọlọ́run ni mo ṣe fún ẹ. Ìwọ wá fẹ́ pa á, o ní nítorí Ọlọ́run ni?"

Yẹ̀kínì ṣa òògùn nílẹ̀, ó gbé èyí tó kàn mì.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, dókítà ní kídìnrín ṣì ń ṣiṣẹ́, kó má dán irú ẹ̀ wò mọ́. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn ló pe ìrun. Yẹ̀kínì jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò pẹ́, ikùn kùn. Títí di àsìkò yẹn, kò tíì yé e ohun tí òògùn ń wá nínú ìfun. Ó dìde, ó sáré jáde.

Nígbà tó máa fi padà dé, Mujeebat ti bu omi kún búta, ó gbé e dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Tún àlùwàlá ṣe," ó ní. "Wọn ò tíì kírun tán."