Ìka Tí Bàbá Abórìṣàdé Kò Gbẹ́

Bí inú bá ń bí Fúnkẹ́mi, kí ẹnikẹ́ni má pẹ̀tù sí i. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike ní Ṣàngó, tí ẹ̀rọ wọn jẹ ìka rẹ̀ méjì, ló gbé kánópì kalẹ̀ fún ìrántí Bàbá Abórìṣàdé. Ọ̀gá wọn ló sì jókòó síwájú, tó ń mu omi tútù. Bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Ta ni kò mọ Bàbá ní Ṣàngó? Ará Ìkirè ni. Ó ń gbẹ́ ọmọlangidi, a sì máa fi okùn mú wọn jó lẹ́nu géètì nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń jáde. Nígbà tí ẹ̀rọ jẹ ìka Fúnkẹ́mi, àpò ìrẹsì kan ni wọ́n fún un, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Inú ìborùn ló ń fi ọwọ́ náà pamọ́ sí, kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ pàápàá rí i. Bàbá ló wá a wálé. Ó ti gbẹ́ ọmọlangidi obìnrin kan tó ní ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún, ó pè é ní Ìbídùn.

“Ọwọ́ tí ò ń fi pamọ́ yìí, èmi ó gbé e sójú agbo,” ni Bàbá wí. “Ìwọ ni kó o máa gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.”

Bàbá á fa okùn, Fúnkẹ́mi á fọhùn. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Ìbídùn á nawọ́ sókè, á ní kí èrò bá òun ka ìka òun. Wọ́n á kà á dé ẹ̀ta. Á ní, “Àwọn yòókù ńkọ́?” Gbogbo ẹnu géètì á pariwo pé, “Lọ bi máṣíìnì!” Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, nítorí ìka tiwọn náà kò pé.

Bàbá kú lọ́dún tó kọjá. Lónìí, Fúnkẹ́mi fúnra rẹ̀ ló fẹ́ fa okùn. Ó ṣí àpótí lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta fún eré. Wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kun Ìbídùn, ó ń dán. Ìka márùn-ún ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

“Ta ló ṣe èyí?”

Múyìwá, ọmọ Bàbá tó ti Àbújá dé, rẹ́rìn-ín. “Èmi ni, Àǹtí. Mo rò pé ìkán ló jẹ ẹ́, mo ní kí káfíńtà tún un ṣe.”

“Ìkán wo? Wo ọwọ́ mi!” Ó nawọ́ náà sí i lójú. “Ìkán tó jẹ ẹ́ ló jókòó síwájú yẹn, tó ń mu omi tútù!”

Ojú ti Múyìwá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà á ju ìtìjú lọ. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lò ó bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ṣe gbogbo ètò yìí. Ẹ má bà á jẹ́.”

“Ṣé bàbá rẹ lo fẹ́ rántí, àbí o fẹ́ tún un sin lẹ́ẹ̀kejì?”

Fúnkẹ́mi wo ìka márùn-ún náà. Bí èrò bá ka ìka yẹn dé márùn-ún, a jẹ́ pé irọ́ ni ìyà tó jẹ òun, irọ́ sì ni gbogbo iṣẹ́ Bàbá. Ó gbé Ìbídùn jáde, ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè.

“Ẹ bá mi kà á!”

“Ení! Èjì! Ẹ̀ta!”

Èrò kò kà á kọjá ibẹ̀. Wọ́n rí ìka méjì tó kù, wọn ò mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Àmọ̀dá, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà kan tí kò ní ìka kankan mọ́ lọ́wọ́ òsì, dìde dúró.

Fúnkẹ́mi di ìka tuntun kan mú, ó ṣẹ́ ẹ. Ó ṣẹ́ èkejì. Ó jù wọ́n síwájú ọ̀gá ilé iṣẹ́.

“Àwọn yòókù ńkọ́?”

“Lọ bi máṣíìnì!”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀gá náà, tí kò gbọ́ Yorùbá, rò pé ara eré ni. Ó fi ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pàtẹ́wọ́, òun nìkan.