Bí Ìyá Oníbúrẹ́dì Ṣe Ná Ọkọ̀ Tuntun

Kí wọ́n tó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìyá oníbúrẹ́dì kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí a bá débẹ̀, ẹ má yin ọkọ̀ yẹn o. Bó tiẹ̀ ń kí yín káàárọ̀, ẹ má yìn ín."

"Ìyàwó mi, ṣé ọmọdé ni mo jẹ́ lójú ẹ ni?"

Mẹkáníìkì ni ẹ̀gbọ́n. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó lè parọ́ fún un, ṣùgbọ́n òun náà kò lè parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ á ti dé ojú rẹ̀ kó tó mọ̀. Ohun tó ń ba obìnrin náà lẹ́rù nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kò lè fi í sílẹ̀, nítorí ìmọ̀ tirẹ̀ nípa ọkọ̀ kò kọjá kó ṣílẹ̀kùn kó jókòó.

Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó búrẹ́dì tẹ́lẹ̀ ti di arúgbó oníkọ́. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sì dákú sójú títì lóṣù tó kọjá, pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná nínú. Àsìkò yẹn gan-an ni ilé ìwòsàn ńlá fún wọn níṣẹ́: irinwó búrẹ́dì lójoojúmọ́, kó dé kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, nínú ọkọ̀ tó mọ́ tó sì ṣeé tì pa. Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ló kù.

Owó wà. Ọdún méje ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi tọ́jú rẹ̀. Ọkọ kò tilẹ̀ bá wọn jáde. "Ìwọ lo mọ ẹnu ọjà," ló sọ, "ẹnu ààrò lèmi mọ̀." Ọkọ̀ ni kò sí. Ọkọ̀ tuntun ti wọ́n bí ojú. Ilé ìtajà mẹ́ta ni obìnrin náà pè lórí fóònù. Méjì ní kó lọ dúró di oṣù mẹ́fà. Ẹ̀kẹta ní mẹ́ta ló dé, méjì ti lọ, ó ku ẹyọ kan. "Ẹ yára o, Mà."

Gíláàsì ni gbogbo iwájú ilé ìtajà náà. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán débi pé ìyá oníbúrẹ́dì nu ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé. Ọkọ̀ náà dúró láàárín, funfun báláú, ọ̀rá ṣì wà lórí gbogbo ìjókòó rẹ̀, òórùn rọ́bà tuntun sì gba gbogbo inú ilé. Ọkùnrin tó ń tà á jáde wá pẹ̀lú táì tó fún un lọ́rùn pinpin. Onítáì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí pé oòrùn ìbáà mú kó yọ́ òkúta, kì í tú u.

Obìnrin náà fajú ro. Ó wo ọkọ̀ bí ẹni tó rí aṣọ tí eku jẹ. Ó fẹ́ sọ pé ẹ̀yìn rẹ̀ kéré ni Onítáì bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Yéè!" Ẹ̀gbọ́n ti ki orí bọ ibẹ̀. "Ìyàwó mi, wá wo ẹ́ńjìnnì! Wo bí wọ́n ṣe to wáyà! Bó bá ṣe pé ẹsẹ̀ kan ni wọ́n ń gbà, mà á gé tèmi fún wọn lónìí!"

Onítáì rẹ́rìn-ín bí ológbò tó gbọ́ òórùn ẹja. Ìyá oníbúrẹ́dì di ojú rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Iye rẹ̀ ni mo rí lára gíláàsì yìí," ló wí nígbà tó lajú.

"Iye àtijọ́ nìyẹn, Mà. Nígbà tí ọkọ̀ pọ̀." Onítáì fa ìwé kan yọ. "Ní báyìí, a ti fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e, torí ọ̀wọ́n. Ẹrù inú rẹ̀ náà wà: kápẹ́ẹ̀tì, ìpara ara ọkọ̀, àti tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà níwájú yìí."

"Kí ni tẹlifíṣọ̀n ń ṣe nínú ọkọ̀?"

"Ó ń fi fíìmù hàn, Mà."

"Búrẹ́dì mi kì í wo fíìmù. Ìpara ńkọ́?"

"Kí ara rẹ̀ lè máa dán ni."

"Èmi tí mo fẹ́ rà á, ẹ wo ìgúnpá mi. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rí ìpara. Ọkọ̀ wá fẹ́ ṣáájú mi para?"

Ẹ̀rín pa Onítáì, bó ṣe fa ìlà sórí ìpara nìyẹn. Ó fa ìlà sórí tẹlifíṣọ̀n. Kápẹ́ẹ̀tì náà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí owó ọ̀wọ́n, ẹ̀rín tán lójú rẹ̀.

"Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi, Mà. Ọ̀gá wa ló gbé e kalẹ̀. Bí ẹ kò bá rà á, ẹlòmíì á rà á kí ilẹ̀ tó ṣú."

Obìnrin náà bá ṣe ohun tí kò já a kulẹ̀ rí láti ogún ọdún. Ó gbá báàgì mọ́ abíyá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ó sì kọ̀yìn sí ọkọ̀. Nínú gbogbo ọjà tó ti ná rí, kì í tíì gbé ìṣísẹ̀ márùn-ún tí wọ́n á fi pè é padà. Ó gbé márùn-ún. Ó gbé mẹ́wàá. Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò gbọ́ ohùn kankan. Nígbà tó fẹgbẹ́ ojú wẹ̀yìn, Onítáì ti ń to ìwé rẹ̀.

Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ìta bí ẹni tó ń wò bóyá òjò á rọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ọjọ́ mọ́kànlá. Kí ni yóò sọ fún ọkọ rẹ̀? Ó ti ń rò ó pé kó gbé ìtìjú mì, kó padà lọ san gbogbo rẹ̀, nígbà tí ariwo kan sọ lápá òsì rẹ̀, níbi fèrèsé tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀.

"Oṣù mẹ́rin! Ìjókòó lásán-làsàn, oṣù mẹ́rin!"

Awakọ̀ kan tó ga bí òpó iná ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ilé ìwé ló ń gbé. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjì tó ti lọ, òun ló rà á lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìjókòó mẹ́jọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àyè sì wà fún mẹ́fà sí i, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìjókòó láti tà fún un títí di oṣù mẹ́rin.

Ìyá oníbúrẹ́dì yí padà. Ó wo ọkọ̀ funfun náà, ó wo ìjókòó mẹ́jọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀rá. Láti àárọ̀, ohun tó ń dà á láàmú nípa wọn ni ibi tí yóò kó wọn dà sí, torí àtẹ búrẹ́dì ni yóò wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó rẹ ohùn sílẹ̀, "yíyọ ìjókòó yẹn, ṣé iṣẹ́ ńlá ni?"

"Iṣẹ́ kẹ̀? Bóòtì mẹ́rin ló di ìkọ̀ọ̀kan mú. Irú ọkọ̀ kan náà sì ni, ihò wọn á bára mu wẹ́kú."

"Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ná. Ṣé mẹ́jọ á pọ̀ jù fún yín?"

Awakọ̀ ní méjì tó bá ṣẹ́kù, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ òun kan á rà á lọ́wọ́ òun. Ojú rẹ̀ ti ń tàn. Ni ìyá oníbúrẹ́dì bá padà sọ́dọ̀ Onítáì, ó fa àga, ó jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fajú ro mọ́.

"Ọmọ ìyá mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Mo fẹ́ ọkọ̀ yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún yín. Ilé ìwòsàn ń retí búrẹ́dì mi. Ṣùgbọ́n oníbàárà yín wà lójú fèrèsé tó ń bínú, ẹ kò sì ní ohun tí ẹ máa tà fún un. Èmi ní in, nínú ọkọ̀ tí mi ò tíì rà. Ẹ gba ìjókòó mẹ́jọ lọ́wọ́ mi ní iye tó wà nínú ìwé yín, kí ẹ yọ ọ́ nínú owó mi. Ẹ fi èrè tiyín lé e, kí ẹ tà á fún wọn."

Onítáì fa ẹ̀rọ ìṣirò mọ́ra. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá ọ̀gá lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, obìnrin náà gbé ìka sẹ́nu.

Nígbà tí Onítáì jáde, ó ní, "Ọ̀gá gbà. Ìjókòó gbé owó ọ̀wọ́n lọ. Ó ku díẹ̀ lókè."

"Díẹ̀ wo?"

Ó fi ìwé hàn án. Kò tó owó ìyẹ̀fun ọ̀sẹ̀ méjì.

"Ẹ dá a sí méjì."

"Mà, ẹ má pa mí!"

"Èmi ìdajì, ẹ̀yin ìdajì, ká lè ríra lójú ọ̀nà ká kíra."

Onítáì na ọwọ́ sí i, wọ́n sì bọ ọwọ́.

Kí oòrùn tó kàn àtàrí, ẹ̀gbọ́n ti wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà. Awakọ̀ ń gbé ìjókòó sọ̀kalẹ̀, ó ń pe ìyá oníbúrẹ́dì ní màmá, bẹ́ẹ̀ ó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.

Wọ́n délé ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ rẹ̀ jáde wá láti ìdí ààrò, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn kó má baà fi bá ọkọ̀ jẹ́, ó rìn yí i ká. Ó wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró sí àyè tí ìjókòó ti kúrò, ó fi ẹsẹ̀ wọn ibẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Ìyá wọn," ó ní, "irinwó á wọ ibí, àyè á sì kù tó gba irinwó mìíràn. Ààrò kan ò ní tó wa mọ́ o."

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ti ilé ìwòsàn débẹ̀ ná," ni obìnrin náà wí. Ṣùgbọ́n òun náà ti ń wo ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, níbi tí ilẹ̀ wà lófìfo, ó ń fojú wọn bó ṣe fẹ̀ tó.