Dò-dò-mí

Sátidé mẹ́fà gbáko ni ọkọ mi, Kọ́láwọlé, fi gbé Tolú ọmọ wa láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ ò yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Bísọ́dún lorúkọ rẹ̀. Tolú ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kò pe ‘màmá’ rí. Ohùn kan ṣoṣo ló ní, ‘ùn-ùn-ún’, imú ló sì fi ń kùn ún. Bó bá ti kùn ún, màá bu omi fún un. Bí kò bá gba omi, màá fún un ní bisikíìtì.

Tí wọ́n bá sì ti Oǹdó dé, Àǹtí Bísọ́dún sọ báyìí, Àǹtí Bísọ́dún rẹ́rìn-ín báyìí, ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu Kọ́láwọlé títí a ó fi jẹun tán. Ó ní Tolú máa ń sáré lọ dì mọ́ ọn. Ọmọ tí kì í jẹ́ kí n di irun òun láìsunkún.

Nígbà tó di Sátidé keje, mo ní èmi náà ń bá wọn lọ. Mo wọ léèsì tí Kọ́láwọlé rà fún mi nígbà tó ń fẹ́ mi, mo fín lọ́fíńdà títí Tolú fi sín. Kọ́láwọlé béèrè bóyá ìgbéyàwó ni mò ń lọ.

Bísọ́dún rẹwà. Mo ti gbàdúrà kó má rẹwà. Tolú já lọ́wọ́ mi, ó lọ fi orí lé e láyà, nǹkan sì gún mi lọ́kàn. Ọkọ ni mo rò pé mo wá ṣọ́, àṣé ọmọ ni.

Tolú yíjú sí mi, ó kùn ‘ùn-ùn-ún’. Mo ti ń wá ike omi nínú báàgì nígbà tí Bísọ́dún dì mí lọ́wọ́ mú.

“Màmá Tolú, ẹ jọ̀ọ́, ta ni dò-dò-mí nílé yín?”

Mo ní kò yé mi. Ó ní Kọ́láwọlé ti sọ fún òun pé omi ni ọmọ ń béèrè, ṣùgbọ́n re-re ni omi, dò-dò-mí sì ni ọmọ ń kùn. Ọ̀rọ̀ ló ṣòro fún Tolú, ohùn orí ọ̀rọ̀ kò ṣòro fún un.

Kọ́láwọlé bú sẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sí i lójú.

“Àdùnní,” ló wí.

Bó ṣe máa ń pè mí láràárọ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ohùn tó ń yọ́ mi bí òrí tó rí oòrùn. Ta ló ń pè mí ní màmá nílé wa tí ọmọ ì bá fi mọ̀ ọ́n?

“Ẹ má nà án o,” Bísọ́dún fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. “Orúkọ ló ń pè yín, kò lẹ́kọ̀ọ́.”

Ó yẹ kí n dúpẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ mi ti ń pè mí, omi ni mò ń bù fún un, obìnrin mìíràn ló sì gbọ́ ọ ṣáájú mi.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, tí a kọjá Bọ́lọ́rundúró, Tolú wẹ̀yìn, ó kun ohùn tuntun: mí-mí-mí. Kọ́láwọlé ní Bísọ́dún nìyẹn. Mo fa ọmọ mi mọ́ra.

“Èmi ńkọ́?” mo bi í.

Ó wò mí títí. “Ùn-ùn…”

Kó tó dé orí ‘mí’, mo ti dáhùn.