Àwo Ọbẹ̀ Tí Àǹtí Zélica Bù fún Aṣojú Ọba

"Wọ́n ní Àǹtí Zélica gba àwo lọ́wọ́..."

"Lọ́wọ́ aṣojú Ọba? Ẹ̀n-ẹ́n..."

"Wọ́n ní ó ní bí kò bá ti sọ Faransé, kò ní..."

"Kò ní jẹun! Ẹ gbà mí o."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn láti èbúté dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó fi di ọjọ́ Àìkú, Bàbá Euclide, alága gbọ̀ngàn ìjọ wa, ti pinnu láti gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná lọ́wọ́ Àǹtí Zélica. Látìgbà tí òkun ti gbé ọkọ wọn lọ, ilé ìdáná yẹn nìkan ló kù tí wọ́n ń lọ bí wọ́n bá jí láàárọ̀.

Èmi ni mo ń gbé àwo fún Àǹtí lọ́jọ́ tí aṣojú Ọba wá jẹun ní gbọ̀ngàn wa, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ìyá mi ti kọ́ mi níwèé, ọ̀rọ̀ sísọ láàárín èrò ò mọ́ mi lára. Etí ni mo máa ń yá àwọn àgbà, kì í ṣe ẹnu.

Inú ti ń bí ìlú sí Madam Colwell, ẹni tí wọ́n fi ṣe aṣojú Ọba ní ìpínlẹ̀ wa, kó tó dé. Ẹni tó bá máa jókòó sórí àga yẹn, ó yẹ kó gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́ nígbà tí wọ́n yàn án, ó sì ṣèlérí pé òun á kọ́ tiwa. Bó ṣe wọ gbọ̀ngàn wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ Faransé kiri bí ẹni ń wá bàtà nínú òkùnkùn. Kíá, gbogbo wa bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Bá a ṣe máa ń ṣe nìyẹn: kí ẹnì kan ṣoṣo tí kò gbọ́ Faransé wọlé, gbogbo ilé á yí ahọ́n padà. Ìwà ọmọlúàbí là ń pè é. Bàbá Euclide, tó bú u jù, ló kọ́kọ́ yí.

Òun náà ló wá dìde lọ́jọ́ Àìkú, lójú gbogbo ìjọ: "Zélica, mú kọ́kọ́rọ́ wá. O ti dójú tì wá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Gbogbo ayé ló gbọ́."

"Gbogbo ayé ò sí nídìí ìkòkò mi. Ìwọ gan-an ń da Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ níbẹ̀ bíi lọ́yà!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Ohun tí àlejò bá mi sọ nídìí oúnjẹ, mi ò ní gbé e síta." Àǹtí yọ kọ́kọ́rọ́ náà, wọ́n gbé e sórí tábìlì.

Bàbá Euclide na ọwọ́ sí i. Èmi náà bá dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo wà níbẹ̀."

"Odile? Ìwọ náà lẹ́nu?"

"Madam ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, sà. Ó ní, 'Mo ń kọ́ Faransé o, màmá, ṣùgbọ́n bí mo bá ti la ẹnu, ẹ ó ti sá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni kí n wá máa bá sọ ọ́?' Àǹtí gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bu ọbẹ̀ adìyẹ kún un. Wọ́n ní, 'Ẹ má bínú, ẹ̀bi wa ni. Ẹ jókòó tì mí, ẹ jẹun yó. Bí ilẹ̀ tilẹ̀ ṣú kí ẹ tó rí ọ̀rọ̀ kan sọ, mi ò ní bá yín sọ Gẹ̀ẹ́sì.'"